Ṣé a lè máa gbé Peugeot 504 lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́? Ìdáhùn sí ìbéèrè olùkọ́ kan

Olùkọ́ kan ní Ìbàdàn ló béèrè. Àkọ̀bọ́ ni ilé rẹ̀ wà, Ẹlẹ́yẹlé ló ti ń kọ́ ọmọ, ó sì máa ń lọ wo ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Opó ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ fẹ́ ta Peugeot 504 sálúùnù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná ní 1986. Ọkọ̀ náà ti wà lójú kan lábẹ́ igi máńgòrò láti ọdún mẹ́rin. Iye tí wọ́n ń pè é kò tó ìdajì owó Corolla tókúnbọ̀. Ó ní òun ti fẹ́ràn ọkọ̀ náà láti kékeré, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí òun fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ló ń sọ pé ọkọ̀ tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ìgbéyàwó ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó wá béèrè pé ṣé kí òun rà á, àbí kí òun fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ti ń fọwọ́ kan irú ọkọ̀ yìí, mo sì fi ọ̀kan ṣe ẹsẹ̀ rìn fún ọdún mọ́kànlá gbáko, nítorí náà n kò ní jẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ èsì. Ẹ lè rà á, ẹ sì lè máa gbé e jáde lójoojúmọ́, bí ara rẹ̀ bá yè. Ara ni mo wí, n kò wí ẹ́ńjìnì. Bó ti wù kí ẹ́ńjìnì 504 bàjẹ́ tó, ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí irin ara rẹ̀ ti jẹrà, owó tí yóò gbé mì kò lóǹkà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́ láéláé. Àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn kò fẹ́ ibi fún yín, àmọ́ ẹni tí kò jẹ̀bi ni wọ́n dá lẹ́bi. Lílò kọ́ ló ń pa irú ọkọ̀ yìí. Ìdúró sójú kan ló ń pa á.

Ní 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ilé iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì lọ́wọ́ nínú yíya àwòrán ara rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi oyè ọkọ̀ tó pegedé jù lọ ní Yúróòpù dá lọ́lá fún ọdún 1969. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ PAN (Peugeot Automobile Nigeria) bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, nígbà tí àwọn Faransé fúnra wọn sì dáwọ́ títo sálúùnù 504 dúró ní 1983, Kàdúná kò dúró, wọ́n ń tò ó nìṣó títí ọdún 2000 fi kọjá. Èyí tí ẹ fẹ́ rà yìí, ọmọ ilé ni, ojú ọ̀nà wa ni wọ́n tò ó fún. Àárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì àti mẹ́ta nínú mẹ́rin, sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, ó sì ní àyè púpọ̀ láti lọ sókè àti láti padà sísàlẹ̀, ìdí nìyí tó fi ń gbá kòtò kọjá tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò ní fi orí gbá òrùlé. Ẹni tó bá ti tó ọmọ ogójì ọdún nílẹ̀ yìí kò ní gbàgbé àwọn wágọ́ọ̀nù 504 tó ń kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, láti Ìlọrin lọ sí Kàdúná, èrò méje pẹ̀lú ẹrù lórí, tọ̀sán-tòru. Wọn kì í sinmi, wọ́n sì ń tọ́jọ́. Ọ́ìlì ń yí nínú wọn, omi ń lọ omi ń bọ̀, rọ́bà kò ráyè gbẹ, eku kò sì ráyè kọ́lé sínú wáyà.

Ẹ wá fi ìyẹn wé tiyín tó ti jókòó sábẹ́ máńgòrò fún ọdún mẹ́rin. Epo bẹntiróòlù tó wà nínú táńkì rẹ̀ ti di nǹkan tó ń fà bí oje igi, tí òórùn rẹ̀ sì kan. Inú táńkì náà á ti máa dógùn-ún láti òkè wá. Omi búréèkì ti fa ọ̀rinrin mọ́ra, ó sì ṣeé ṣe kí písítìnì búréèkì ti di mọ́ ilé rẹ̀. Ewé máńgòrò á ti kún inú ihò tí omi òjò ń gbà ṣàn nídìí gíláàsì iwájú, omi tí kò sì ríbi gbà jáde, inú ọkọ̀ ló ń wọ̀, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló ń jókòó sí.

Nítorí náà, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni kí ó gbé bátìrì wá kí ó sì ta á lójú ẹsẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì. Mo mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ máa fẹ́ ṣe nìyẹn, inú ẹni tó ń tà á náà yóò sì dùn sí i. Ẹ́ńjìnì tó ti sùn fún ọdún mẹ́rin, ògiri ibi tí písítìnì ń rìn ti gbẹ, kò sí ọ́ìlì níbẹ̀, bí ẹ bá fi agbára bátìrì yí i bẹ́ẹ̀, irin ni yóò máa ha irin. Bó ṣe yẹ nìyí: kí mẹkáníìkì tú plọ́ọ̀gù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà kí ó fi súpánà yí ẹ́ńjìnì pẹ̀lú ọwọ́ láti iwájú, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí ó da epo àtijọ́ nù, kí ó fọ táńkì, kí ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, nítorí rọ́bà epo tó gbẹ tó sì sán nítòsí ẹ́ńjìnì gbígbóná ni iná fi ń sọ. Kí ó pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Ìgbà náà ni kí bátìrì tó dé. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ ṣe gbogbo èyí kí ẹ tó sanwó, ẹ kàn ṣírò iye rẹ̀ pé ẹ́ńjìnì náà ti kú, kí ẹ sì dúnàá-dúrà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ara, torí ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti kábàámọ̀ rí. Mo ra ọ̀kan nígbà tí mo rò pé ojú mi ti là sí ọkọ̀. Pẹ́ǹtì rẹ̀ ń dán bíi dígí, ẹni tó tà á fún mi fi àwọ̀ tuntun bo àga, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò kan rọ̀, ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ nílé, bàtà rẹ̀ tutù rin. Nígbà tí a ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, a kò bá irin ilẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Páànù òrùlé ni wọ́n gé, tí wọ́n fi rìfẹ́ẹ̀tì kàn án, tí wọ́n fi bọ́dì-fílà, ohun pípò tí kì í ṣe irin, dí etí rẹ̀, tí wọ́n wá da ọ̀dà dúdú lé gbogbo rẹ̀ lórí. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà bẹ̀rẹ̀ sí í gé èyí tó ti bàjẹ́ kí ó lè débi irin tó dára, ó ń gé e lọ, kò débẹ̀, títí orí èèyàn fi lè gba inú ihò náà yọ sí ìsàlẹ̀. Owó tí mo ná lórí ìyẹn ju owó tí mo fi ra ọkọ̀ lọ. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, pẹ́ǹtì tuntun lára ọkọ̀ àtijọ́ sì gbọ́dọ̀ mú kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí wọ́n fi bò mọ́lẹ̀.

Ẹ mú òòfà kékeré kan dání, kí ẹ fi áńkáṣífì tẹ́ẹ́rẹ́ wé e kí ó má ba pẹ́ǹtì jẹ́. Ẹ máa gbé e kan ara ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sí etí ibi tí táyà ẹ̀yìn wà, sí irin gígùn tó wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí ó bá ti gbá irin mú, ibẹ̀ dára. Ibi tí ó bá ti ń jábọ́ bí ẹni pé igi ni ẹ gbé e kàn, bọ́dì-fílà ló wà níbẹ̀. Irin gígùn abẹ́ ìlẹ̀kùn yẹn ni ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí, nítorí 504 kò ní férémù bíi ti tírélà, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ara rẹ̀ dúró. Bí ẹ bá ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ ti sukurú-díráfà mọ́ abẹ́ rẹ̀ gírígírí. Irin tó dára yóò dún ko, kò ní mira. Èyí tó ti jẹrà, sukurú náà yóò wọlé sí i bí ẹni ti ọ̀bẹ bọ iṣu sísè. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi jáákì gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ibi tí jáákì ń gbà, kí ẹ ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ẹ sì tún tì í. Bí ìlẹ̀kùn tó ń tì wẹ́rẹ́ nílẹ̀ bá kọ̀ láti tì nígbà tí ọkọ̀ wà lókè, ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀ láàárín, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, kí ẹ sì máa lọ sílé.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo orí ibi tí ṣọ́kì iwájú ti jáde, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Gbogbo ìwúwo iwájú ọkọ̀ ló ń ta síbẹ̀. Ẹ wá ìdógùn-ún, ẹ wá ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì iwájú lápá méjèèjì, kí ẹ sì gbé rọ́bà inú búùtù. Bí gbogbo ibi wọ̀nyí bá yè, àní bí pẹ́ǹtì rẹ̀ bá ti ṣá tí ó dà bí aṣọ tí oòrùn pa, ọkọ̀ dáadáa lẹ rí yẹn. Kí á tó rí erin ó di igbó, kí á tó rí ẹfọ̀n ó di ọ̀dàn. Kí á tó rí 504 tí pánẹ́ẹ̀lì-bítà kò tíì fọwọ́ kàn lóde òní, ó di ọ̀dọ̀ irú opó bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tí mo ní kí ẹ fi gbogbo ara wò ni ọ̀nà tí ẹ́ńjìnì fi ń tutù. Nínú 504 mẹ́wàá tí wọ́n ń fi okùn fà lójú ọ̀nà, ooru ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ohun tí mo ti rí lọ́gbà mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí, torí pé bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, kò sí mẹkáníìkì tó lè tàn yín jẹ lórí rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1,971 sísì, sílíńdà mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ jẹ́ irin líle, ṣùgbọ́n orí rẹ̀, èyí tí à ń pè ní tọ́ọ̀pù sílíńdà, alumíníọ̀mù ni. Nígbà tí ooru bá pọ̀ lápọ̀jù, alumíníọ̀mù a máa fẹ̀ ju irin lọ, yóò wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn yóò sì jó. Lẹ́yìn náà, àwọn ihò tí písítìnì ń rìn nínú wọn, tí a ń pè ní slíìfù, kì í ṣe ara ìdí ẹ́ńjìnì. Wọ́n ṣeé yọ, inú omi ni wọ́n sì dúró sí. Ìyẹn dára púpọ̀, torí pé bí ọ̀kan bá jẹ, a ó yọ ọ́, a ó fi tuntun síbẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì di ọ̀tun. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti tú tọ́ọ̀pù sílíńdà kúrò, kò sí ohun tó di slíìfù mọ́lẹ̀ mọ́. Bí mẹkáníìkì aláìmọ̀kan bá yí ẹ́ńjìnì ní irú àkókò yẹn, slíìfù yóò gbéra díẹ̀, ìdè tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì yẹ̀. Ó lè dé gbogbo rẹ̀ padà, ó lè gba owó rẹ̀, kí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ọ́ìlì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tí ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ fún pé, kí ló máa ń fi di slíìfù mọ́lẹ̀ bí ó bá tú tọ́ọ̀pù. Bí ó bá ní àwọn bóòtù àti wọ́ṣà kan wà tí òun fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ti rí mẹkáníìkì. Bí ó bá wò yín lójú bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná rárá, ẹ ṣí rédíétọ̀. Omi tó pupa bí ilẹ̀ amọ̀ ń sọ fún yín pé omi kànga lásán ni wọ́n ń dà sí i, inú ẹ́ńjìnì sì ti ń dógùn-ún. Bí ẹ bá rí ọ́ìlì tó ń léfòó lójú rẹ̀, tàbí tí ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde tí ọ́ìlì ibẹ̀ dà bíi kòkó tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, omi àti ọ́ìlì ti pàdé nìyẹn. Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ lójú kan fún bí ìdajì wákàtí gbáko, kí ẹ máa wo gééjì ooru. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìwó Road ní aago méje àárọ̀ kò yàtọ̀ sí ìdúró sójú kan, bí kò bá sì lè dúró nínú ọgbà ìyá yẹn láìgbóná, kò lè dúró níbẹ̀.

Ohun kan wà tí mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́. Bí 504 bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á yọ tẹmọ́sítáàtì rẹ̀ sọ nù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa kò tutù, kò nílò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tẹmọ́sítáàtì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tètè gbóná dé ibi tó yẹ, kí ó sì dúró síbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì yóò máa ṣiṣẹ́ ní tútù láàárọ̀, yóò máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, ọ́ìlì rẹ̀ yóò sì máa dọ̀tí kíákíá. Ẹ fi tuntun síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ inú rédíétọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo hóòsì omi rẹ̀, kí wọ́n lo omi rédíétọ̀ tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì dípò omi kànga. Fáànù rẹ̀ ní òòfà iná tó ń gbá a mú nígbà tí omi bá gbóná tó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ó bá tutù. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti so pọ̀ gbọingbọin báyìí tí ó ń yí nígbà gbogbo. Èmi kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn fún ìrìn inú ìlú.

Àwọn yòókù kò gba àkókò. Èéfín búlúù lẹ́yìn síléńsà ń sọ pé ẹ́ńjìnì ń jẹ ọ́ìlì, dúdú ń sọ pé káborétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì, ń da epo jù, funfun tí kò dáwọ́ dúró ń sọ ọ̀rọ̀ omi tí mo ti sọ. Ẹ wà á lórí ilẹ̀ tó gún, kí ẹ tú ọwọ́ kúrò lórí sítíárì díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gbọ́ bóyá nǹkan ń kan gbì lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Búréèkì nìkan ni n kò ní gbà kí ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré: lẹ́yìn ìdúró ọdún mẹ́rin, gbogbo rọ́bà búréèkì, omi rẹ̀ àti àwọn ohun èlò inú kálípà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun kí ọkọ̀ náà tó jáde sí títì, kò sí àdínkù níbẹ̀. Táyà náà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àkọlé DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ojú rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tíì jẹ, táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́fà kò yẹ fún ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ó rí ohun èlò rà. Ẹ ó rí ti ẹ́ńjìnì, ti búréèkì àti ti abẹ́ iwájú, nítorí pé àwọn Faransé ṣì ń ṣe 504 alágbẹ̀rù, èyí tí à ń pè ní píkọ́ọ̀pù, títí di 1993, ó sì ń bá sálúùnù pín ọ̀pọ̀ nínú wọn lò. Ẹ lọ sí ọjà Aràrómi ní Agodi Gate, kí ẹ wá àwọn àgbà tó ti ń ta ohun èlò Peugeot láti ayébáyé. Bí wọn kò bá ní in, Ládìpọ̀ ní Mushin yóò ní in. Ohun tó ṣòro rí ni gíláàsì iná iwájú tí kò tíì fọ́, rọ́bà etí ìlẹ̀kùn, àti ẹ̀ṣọ́ inú ọkọ̀. Nítorí náà, bí àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí bá pé lára ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ kà á kún owó, kí ẹ má sì jẹ́ kí pẹ́ńtà tú wọn dànù.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ohun èlò lọ ni ọwọ́ tí yóò fi í sí i. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ báyìí mọ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fún wọn ní káborétọ̀, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá àgbàlagbà kan kí ẹ tó ra ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ mú un dání lọ wò ó, kí ẹ sanwó ọjọ́ náà fún un bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò ra ọkọ̀. Bí ẹ kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ibi tí ọwọ́ yín lè tó láàárín wákàtí kan, èmi yóò yí ọ̀rọ̀ mi padà, n ó ní kí ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Ní ti epo, ẹ má retí pé yóò dà bíi Corolla. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n tún káborétọ̀ rẹ̀ ṣe dáadáa yóò mu bíi lítà mẹ́wàá sí méjìlá fún kìlómítà 100 nínú ìlú, èyí tí wọn kò tún ṣe yóò mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìrìn yín lójúmọ́ bá tó kìlómítà 30 ní àlọ àti àbọ̀, ìyẹn jẹ́ bíi lítà mẹ́ta sí mẹ́ta àti ààbọ̀. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, kò sẹ́ni tó ń ṣe irú ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n báyìí ó di dandan. Ẹ fi iye tí lítà epo jẹ́ lónìí sọ ọ́ di púpọ̀ fún ọjọ́ méjìlélógún iṣẹ́ nínú oṣù, kí ẹ fi ìrìn Ògbómọ̀ṣọ́ lé e, kí ẹ sì fi wé ohun tí ẹ ń san fún mọ́tò báyìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí ẹ fi ra ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ tán lórí ríra ọkọ̀ àgbà ni ọkọ̀ àgbà máa ń dójú tì.

N kò sì ní fi òtítọ́ pamọ́ lórí ọ̀rọ̀ ààbò. Ọkọ̀ yìí kò ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde nígbà ìjàǹbá, kò ní búréèkì ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa kí ọkọ̀ sì máa yọ̀ lójú omi, irin iwájú rẹ̀ kò sì ṣe é bíi ti òde òní láti gba ìkọlù fún ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré tí ẹ ń gbé lójoojúmọ́ lórí ọ̀nà tí àwọn tírélà ń gbà sáré, kí ẹ rò ó wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bẹ́líìtì iwájú, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun. Ti ẹ̀yìn, bí kò bá sí, kí wọ́n fi síbẹ̀.

Àwọn kan lè sọ fún yín pé bí ẹ bá fẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, kí ẹ ra Mercedes V-boot. Ọkọ̀ rere ni, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń gbé ara rẹ̀ lórí títì gboorogbo. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lo káborétọ̀. Ohun èlò tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnì wọn kórìíra epo tó dọ̀tí, nígbà tí ó bá sì bàjẹ́, iye rẹ̀ lè ba oṣù mẹ́ta jẹ́ fún olùkọ́. Àwọn tí wọ́n ṣe láti bí ọdún 1992 títí tí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró tún ní wáyà tí awọ rẹ̀ ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ nítorí ooru ẹ́ńjìnì. Fún ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, 504 ni n ó mú.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé. Ọkọ̀ olóògbé ni, orúkọ ọkọ ìyá náà ló sì wà lórí rẹ̀. Ìyá náà lè jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, síbẹ̀ àwọn ọmọ àti ẹbí lè jáde lẹ́yìn ọdún kan kí wọ́n ní àwọn kò mọ̀ sí i. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìpín ogún láti ilé ẹjọ́ gíga, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ fọwọ́ sí ìwé títà náà níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáásì tó wà lára irin ọkọ̀ wé èyí tó wà nínú ìwé, lẹ́tà kan sí òmíràn. Kí ẹ yí orúkọ padà sí tiyín kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí ẹ gba ìwé ìyẹ̀wò ọkọ̀ àti ìńṣọ́ránsì, nítorí ọkọ̀ àtijọ́ ni àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, kọ́kọ́ máa ń dá dúró.

Bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí i, báyìí ni ẹ ó ṣe máa gbé pẹ̀lú rẹ̀. Láràárọ̀, kí ẹ tó ta á, ẹ wo omi, ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan ń kán. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó gbéra. Ẹ wo ọ́ìlì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 5,000, kí wọ́n sì yẹ kọ́ńtáàkì, irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa kí plọ́ọ̀gù lè tanná, wò nígbà náà, àlàfo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.4 mìlímítà lọ. Ẹ fi kọ́ńtáàkì kan, kóndẹ́ńsà kan, fáńbẹ́ẹ̀tì kan àti hóòsì omi òkè kan sínú búùtù. Nígbà ọlidé, ẹ má jẹ́ kí ó jókòó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ gbé e lọ sí ọjà, kí ó gbóná dáadáa kí ẹ tó gbé e padà. Etí yín yóò mọ ohùn rẹ̀ láàárín oṣù kan, ọjọ́ tí ohùn náà bá sì yí padà, kí ẹ yà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ pe ìyá náà lónìí kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fi bátìrì yí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ lọ ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, kí ẹ mú òòfà, áńkáṣífì, iná tọ́ọ̀ṣì àti àgbàlagbà mẹkáníìkì yẹn dání, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.